Ọkàn oníke kì í ṣe ohun ìṣeré: ẹ gba fáìlì scan ọmọ yín

Thread gígùn ni o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi bookmark sí i, kó padà wá.

Láti ọjọ́ méjì ni fídíò ọkàn oníke kan ti ń yí ká lórí TL mi. Dókítà kan gbé ọkàn pupa kan dání, ó là á sí méjì bí ẹni la obì, ó wá ń fi ìka tọ́ka sí ihò inú rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an, àfi ìgbà tí mo wọ inú kọ́mẹ́ǹtì. Apá kan ń pariwo pé ògo ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti ń tẹ ọkàn tuntun fún ọmọ ọwọ́. Apá kejì ní iná ò sí, omi ò sí, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ọkàn oníke, nǹkan òyìnbó.

Èmi àti apá méjèèjì la jọ ní ọ̀rọ̀. Àmọ́ apá kejì yẹn ló bí mi nínú jù, torí àwọn ni wọ́n rò pé àwọn gbọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ní ṣókí kí n tó máa ṣàlàyé: níbi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ọkàn ò pọ̀, tó jẹ́ pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ máa rí àyè wọ tíátà, ibẹ̀ gan-an ni irú àwòṣe yìí ti wúlò jù. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni mò ń sọ.

Ẹ̀yin apá "ògo," ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ike yẹn sínú ọmọ. Máàpù ni. Àwòṣe ọkàn ọmọ kan pàtó ni, ọmọ tó ń dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù báyìí, yàtọ̀ sí ọkàn tí gbogbo wa yà sínú nóòtù bàọ́lọ́jì. Ẹ ronú nípa télọ̀ yín. Ẹ gbé léèsì olówó ńlá lọ bá a, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá ṣì í gé, kò sí òmíràn lọ́jà. Télọ̀ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gé pátáànù lórí bébà, á gbé e lé yín lára, á tún un ṣe, kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ léèsì. Pátáànù yẹn lẹ rí nínú fídíò. Ẹ̀yin wá ń jó pé wọ́n ti rán aṣọ tán.

Ó dáa. Kí ló dé tí ọkàn fi nílò pátáànù?

Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a bá bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ń wá sáyé pẹ̀lú ọkàn tí kò pé. Nàìjíríà ń bí ju mílíọ̀nù 7 ọmọ lọ́dún. Kódà bí ẹ bá dín in kù sí 8 nínú 1,000, ó ju 50,000 ọmọ lọ lọ́dún kan ṣoṣo. (Nígbà míì mo máa ń ro iye ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ihò ló wà nínú ọkàn wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣòro wọn ò díjú. Ihò kan lára ògiri tó pín yàrá ọkàn méjì. Òmíràn á dí fúnra rẹ̀, òmíràn á fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Fún ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àwòṣe fún yín o. Echo tó dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti tó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn díjú ni mò ń bá bọ̀. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní DORV.

Ọkàn tó pé, òpó ńlá méjì ló ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan ń jáde láti yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ gba atẹ́gùn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì, aorta, ń jáde láti yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, òun ló ń pín ẹ̀jẹ̀ tó ti gba atẹ́gùn káàkiri ara. Ọmọ tó ní DORV, òpó méjèèjì jáde láti apá ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ tó wà ní apá òsì ò wá rí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, àfi ihò tó wà lára ògiri àárín. Inú ihò yẹn ló ń gbà sá jáde.

Iṣẹ́ dókítà ni kó fi àbùlẹ̀ la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan láti ihò yẹn lọ bá aorta, kó má sì dí ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Ibo ni ihò yẹn wà? Ṣé ó súnmọ́ aorta ni, àbí ẹnìkejì rẹ̀ ló súnmọ́? Ṣé ó fẹ̀ tó? Ṣé okùn tó di fáàfù mú ò dábùú ọ̀nà? Bí ọ̀nà yẹn bá ṣeé là, ọmọ á ní yàrá ìsàlẹ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ bíi tiyín àti tèmi. Bí kò bá ṣeé là, wọ́n á yà sí ọ̀nà mìíràn, iṣẹ́ abẹ bíi mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀, ọmọ á sì máa fi yàrá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo gbé ayé rẹ̀. Ẹ ṣé ẹ ti rí i pé ìpinnu yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọkàn tí à ń sọ yìí, ti ọmọ ọwọ́, kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọ náà lọ. Ìgbà tí wọ́n bá so ọmọ mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́, wọ́n á dá ọkàn dúró, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú rẹ̀, á wá rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ bíi fèrè ọmọdé tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀. Bó ṣe rí nígbà tó ń lù kọ́ ló ṣe máa rí lójú dókítà mọ́. Aago sì ń kà. Ẹ sọ fún mi, ṣé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń wá ọ̀nà kiri?

Àwòrán scan wà lóòótọ́. Dókítà á wò ó lójú kọ̀ǹpútà, á máa tò ó pọ̀ nínú orí ara rẹ̀. Àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ọgbọ́n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà mẹ́ta lè wo àwòrán kan náà kí wọ́n to ọkàn mẹ́ta sínú orí wọn.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ní 2014. Dókítà Erle Austin ní ọmọ oṣù 14 kan tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó fi àwòrán han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìmọ̀ràn wọn ò bára mu. Ó bá ní kí ilé ẹ̀kọ́ ẹnjinníà ní Yunifásítì Louisville tẹ ọkàn ọmọ náà fún òun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ègé mẹ́ta, ó tóbi ju ti ọmọ náà gan-an lọ kí ojú lè rí i. Ó gbà tó nǹkan bíi wákàtí 20, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi $600. Austin rí inú rẹ̀ kó tó gbé abẹ. Printer tí wọ́n lò, irú èyí tí àwọn èèyàn ń rà sórí tábìlì ni, tí wọ́n fi ń tẹ bèbí àti kí-hólíìdà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣírò $600 sí náírà. Ẹ rọra. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní 2017, Israel Valverde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Aláìsàn 40 láti ibi iṣẹ́ abẹ 10 ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, gbogbo wọn ní ọkàn tó díjú. Àwọn dókítà kọ́kọ́ fi àwòrán pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòṣe lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ tún un rò. Nínú 40, ìpinnu yí padà fún 19.

19 nínú 40! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, láàárín àwọn dókítà tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí bí ẹní mowó.

Kò túmọ̀ sí pé ènìyàn 19 ni ikú ìbá pa. Ẹ̀yin content creator ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ yé fi "3D heart saves baby" wá engagement. Àwọn 21 yòókù ńkọ́? Àwòṣe ò yí nǹkan kan padà fún wọn, ó kàn jẹ́ kí ó dá dókítà lójú ni. Bí ẹ bá ta á bí iṣẹ́ ìyanu, ọjọ́ tí ọmọ kan bá kú tòun ti àwòṣe, àwọn apá kejì yẹn náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá sọ pé "ṣé ẹ ti rí i."

Wàyí o, "nǹkan òyìnbó."

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Vivien Thomas lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni, ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ káfíńtà ló mọ̀. Ó ń tọ́jú owó láti lọ kàwé dókítà, ìgbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé ni báńkì gbé owó náà mì. Ó gba iṣẹ́ ní láàbù Alfred Blalock ní Nashville ní 1930, wọ́n sì jọ kó lọ sí Johns Hopkins ní Baltimore. Níbẹ̀, Helen Taussig gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan wá: àwọn ọmọ tí ètè wọn máa ń dúdú bí ẹni fi aró kan ẹnu, tí wọ́n bá rìn díẹ̀ wọ́n á lóṣòó kí wọ́n tó lè mí. Thomas ló wọ láàbù lọ fi ajá ṣe é, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí ọ̀nà fi là. Ní ọjọ́ 29 oṣù November 1944, nígbà tí Blalock ń ṣe é fún ọmọ oṣù 15 kan, orí àpótí ni Thomas dúró sí lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ bí yóò ṣe ṣe é fún un.

Wọn ò fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ abẹ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpele owó oṣù àwọn tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n fi í sí. 1976 ni Hopkins tó fún un ní oyè dókítà ìdánilọ́lá.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tún ọkàn ọmọ ṣe ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán an wò lára nǹkan mìíràn. Ajá nígbà yẹn, ike lónìí. Káfíńtà aláwọ̀ dúdú tí kò rówó lọ yunifásítì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ wá gbé "nǹkan òyìnbó" yín, ẹ fi í sápò.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó, àti ọ̀rọ̀ iná.

Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní UNTH Enugu, Magdi Yacoub wà nínú ikọ̀ náà. Ó ti lé ní ààdọ́ta ọdún. Síbẹ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí tó ní ọmọ bẹ́ẹ̀ lónìí: ọ̀pọ̀ wọn ló ń dúró de ikọ̀ dókítà tó ń ti òkè òkun wá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n máa tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gbé ọmọ lọ Íńdíà. Ìgbà tí ikọ̀ bá dé, ọmọ pọ̀ lórí ìlà, ọjọ́ ò tó. Wọ́n á mú èyí tí wọ́n lè ṣe, wọ́n á fi èyí tó díjú sílẹ̀. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló máa fi ọ̀sán kan wá ọ̀nà nínú ọkàn tí kò yé e, nígbà tí ọmọ mẹ́rin tó rọrùn ń dúró níta?

Àmọ́ fáìlì ò nílò físà. CT scan máa ń gé inú àyà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má tó mìlímítà kan. Ẹnìkan á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á ya ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri ọkàn, pẹlẹbẹ kan tẹ̀lé òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ á fi di odindi ọkàn kan tó ṣeé yí síwá sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní 3D Slicer wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Dókítà tó máa wá ní oṣù mẹ́ta sí i lè ti wo ọkàn ọmọ yín láti ilé rẹ̀, kó ti mọ̀ pé "èyí ṣeé ṣe, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀." Kódà a lè má tíì tẹ ike kankan! Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ìdajì iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Bí ó bá wá di dandan pé kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n gé e wò, ìgbà yẹn ni a tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iná ò sí, ẹ̀yin náà lẹ fi inverter edit fídíò ní ọ̀gànjọ́ àná. Mo rí yín.

Ibi tó ń dùn mí gan-an rèé. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, fáìlì ló dúró lé lórí. Fáìlì ọ̀hún kì í sí lọ́wọ́ òbí.

Ọmọ àbúrò màmá mi ní ìṣòro ọkàn. Wọ́n ṣe CT fún un níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n kó fíìmù dúdú ńlá sínú ẹ́ńfílóòpù búráùn, wọ́n gbé e lé àǹtí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, dókítà mìíràn ní òun fẹ́ fáìlì. Àǹtí mi padà lọ. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́, àyè ti kún lórí ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún méjì! Wọ́n tún fún un ní oògùn oorun, wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ oògùn àwòrán, ìtànṣán tún wọ ara rẹ̀. Àǹtí mi tún sanwó, ẹni tó ta fìríìjì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti san ti àkọ́kọ́.

Fíìmù ò ṣeé sọ di àwòṣe. Pẹlẹbẹ díẹ̀ tí ẹnìkan ṣà jáde nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà lórí rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní DICOM ni gbogbo búrẹ́dì náà. Síídì kan gbà á, flash kan gbà á. Owó síídì ò tó owó fíìmù!

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwòṣe ọkàn ju agbára Nàìjíríà lọ, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi bí síídì ṣe ju agbára wa lọ.

Ẹnjinníà sì ńkọ́? UCH wà ní Ìbàdàn, UI náà wà níbẹ̀. LUTH ni ti UNILAG, LASUTH ni ti LASU, OAUTHC ni ti OAU. Gbogbo yunifásítì wọ̀nyí ló ń kọ́ ọmọ ní ẹnjinníà tàbí tẹkinọ́lọ́jì. Ohun tí Louisville ṣe náà nìyẹn: ọsibítù pe yunifásítì ìlú rẹ̀. Ọmọ ọdún kẹrin tó ń wá project kiri, ẹ gbé èyí fún un, kó yé tún "automatic handwashing machine" ṣe.

Mo fẹ́ fi kìlọ̀ kan sí i. Kì í ṣe kí ọmọ ẹnjinníà nìkan jókòó máa ya ọkàn o. Bí ó bá ṣì í yà, ihò tí kò sí lè yọ lára ike, tàbí ògiri bo ihò tó wà. Ike ò ní sọ fún dókítà pé irọ́ ni òun ń pa. Ewé fáàfù náà fẹ́lẹ́ jù, CT kì í sábà rí i dáadáa, echo ló ń rí i. Dókítà tó ń ka àwòrán gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dá ṣe é nínú yàrá hostel rẹ̀, kó lọ máa tẹ kí-hólíìdà.

Ti ẹni tó máa sanwó, ìjà ṣì ni, kódà ní Amẹ́ríkà. July 2019 ni wọ́n tó fún àwòṣe yìí ní nọ́mbà tí ọsibítù lè fi kọ ọ́ sínú ìwé owó. Nọ́mbà onígbà díẹ̀ ni, ti nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, kò sì di dandan fún ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì láti san. Torí náà mi ò retí kí NHIA sanwó ike lọ́la. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí i: kí wọ́n pa á láṣẹ pé ibikíbi tó bá ṣe CT tàbí MRI ọkàn ọmọdé gbọ́dọ̀ fún òbí ní fáìlì, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà tiwọn. A ní òfin NHIA láti 2022. Ẹ fi ṣe nǹkan.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ka ibi yìí, ẹ dìde, ẹ lọ wo ẹ́ńfílóòpù tó wà lókè wọ́dúróòbù yẹn. Bí fíìmù nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ ra flash, ẹ padà lọ láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé DICOM lẹ fẹ́, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe JPEG. Bí wọ́n bá ní kò sí irú ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní DM, màá bo orúkọ ọmọ.